Ta Ni Wolé-wolé Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbà?

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti ga díẹ̀ ní Ìbàràpá kò ní gbàgbé wolé-wolé. Bí ìròyìn bá ti tàn pé wọ́n ti wọ àdúgbò, ìyá ilé á sáré da omi ìkòkò tí tanwíji ti wọ̀ nù, ọmọdé á gbá ẹ̀yìnkùlé, wọn á sì bo ṣáláńgá. Wolé-wolé á wọlé, á yọjú sínú ìkòkò, á sì kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ìlú bẹ̀rù rẹ̀ nítorí pé òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè gbé onílé dé kóòtù. Ilé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí ilé tí wolé-wolé mọ̀. Ilé tí a kó àwọn àgbàlagbà jọ sí ni, tí a gba òṣìṣẹ́ tì wọ́n, tí ọmọ ń sanwó fún lóṣooṣù. Ta ni wolé-wolé irú ilé bẹ́ẹ̀, kí sì ni ó yẹ kó máa yọjú wò?

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Wọ́n á ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, pé kò sí ọmọ Ìbàràpá gidi tí yóò gbé ìyá rẹ̀ fún àlejò tọ́jú. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Agbo ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgbà wa ṣì ń gbé, láti Ìgangan dé Lánlátẹ̀. Ṣùgbọ́n agbo ilé ti ń tú. Àkọ́bí wà ní Ìbàdàn, àbúrò rẹ̀ wà ní Èkó, àbíkẹ́yìn sì ti kọjá sí òkè òkun. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìwé ìwọ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì gba ọ̀nà yìí lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́; ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tuntun tó fẹ́ ti òkè òkun wá. Àwọn tó ti wọlé ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wẹ ìyá ẹlòmíràn ní Manchester lójoojúmọ́ ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò bá a wẹ ìyá tirẹ̀ ní Èrúwà. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ohun tó ń kọni lóminú ni pé níbi tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, àjọ kan wà tó lè kan ilẹ̀kùn láìsọ tẹ́lẹ̀. Níbi tí ìyá rẹ̀ wà, ọmọ náà kò mọ ẹni tí yóò kàn án.

Ilé ìtọ́jú kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọ Àgùdà ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́; Regina Mundi ní Muṣin, Èkó, jẹ́ ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ní àwọn ìlú bíi tiwa, ilé bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láìsí pátákó kankan. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì gba ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sílé. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn gbọ́, ó mú bàbá rẹ̀ wá. Nígbà tó bá fi máa pé ọdún méjì, àgbà mẹ́fà ti wà nínú yàrá mẹ́ta, ọmọbìnrin méjì ló sì ń sìn wọ́n tọ̀sán-tòru. Kò sí ẹni tó ṣe ohun burúkú. Ilé ìtọ́jú ti dúró, òfin kò sì mọ̀ pé ó wà.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 kò dákẹ́ lórí àwọn àgbà. Abala 16 ní kí ìjọba rí i pé ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Abala 17 ní kí a dáàbò bo àwọn àgbà lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ àti ìpatì. Ṣùgbọ́n abala 6 ti sọ ọ́ ṣáájú pé ilé ẹjọ́ kò lè fi apá yìí nínú ìwé òfin gbọ́ ẹjọ́. Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà, ìyẹn ni àfikún kẹrin, tó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa dá ilé àwọn aláìní àti aláìlera sílẹ̀, tí yóò sì máa bójú tó wọn. (Ìlà kan náà ni wọ́n fi í sí pẹ̀lú itẹ́ òkú, ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹni tó kọ ọ́ kò ní ohun kan lọ́kàn.) Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ìbàràpá, tí ibùjókòó wọn wà ní Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Ayétẹ̀, ní ibi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ lé. Òfin àpapọ̀ tó dá Ibùdó Àwọn Àgbà Orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 2017 tún wà. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 sì ṣe kedere jù: kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣòfin pé tinútinú ni àgbà yóò fi lọ sí ilé ìtọ́jú, kí owó rẹ̀ má sì ga jù, kí ìtọ́jú ibẹ̀ má sì rẹlẹ̀ ju òṣùwọ̀n tí orílẹ̀-èdè là kalẹ̀.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn. Dídá ilé sílẹ̀ yàtọ̀ sí wíwọ ilé onílé lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé aládàáni, kó ṣí ìwé oògùn, kó bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, nílò òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe. Ìforúkọsílẹ̀ ni yóò ṣáájú, nítorí pé a kò lè ṣàyẹ̀wò ilé tí a kò mọ̀ pé ó wà.

Bí a bá wá ní kí aṣàyẹ̀wò lọ lọ́la, ibo ni yóò wò? Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kó wo ògiri. Ọ̀dà tuntun àti tẹlifíṣàn ńlá kì í tọ́jú ènìyàn. Kó lọ sí gìgísẹ̀ ẹni tí kò lè dá dìde, àti ìdí rẹ̀, àti ìbàdí rẹ̀. Níbẹ̀ ni egbò ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, ojú ibẹ̀ kì í sábà pọ́n bí ìwé òyìnbó ṣe máa ń wí. Ṣe ni yóò dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tí yóò gbóná tàbí kó le, kí awọ tó là. Ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Ẹni tí a ń yí padà déédéé lórí ibùsùn kì í tètè ní in, nítorí náà egbò kan lè sọ ohun tí ẹnu onílé kò sọ.

Lẹ́yìn èyí, kó jókòó tì wọ́n ní àkókò oúnjẹ. Àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ilásà lè dé iwájú ìyá tí eyín rẹ̀ ti tán, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí àwo náà sì padà bí ó ṣe dé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé màmá ti jẹun. Kó bèèrè bí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nígbà tó wọlé, àti bí ó ṣe wúwo tó ní oṣù yìí. Kó wo omi: àwọn kan a máa dín omi arúgbó kù kí wọ́n má bàa máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Kó ka oògùn tó kù nínú ike, kó fi wé ìwé. Bí ilé bá dákẹ́ rọ́rọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí gbogbo wọn ń sùn, kó bèèrè oògùn oorun. Ní ti ẹni tó ń ṣarán, kó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bóyá àpá okùn wà níbẹ̀, kó sì tẹ́tí sí orúkọ tí wọ́n ń pè é. Obìnrin arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru ni a máa ń tètè pè ní àjẹ́ láàrin wa, òṣìṣẹ́ tó bá sì gba èyí gbọ́ kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ọkàn náà ńkọ́? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ àwọn àgbà tó lé ní 2,100 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, ní ọdún 2003 sí 2004, wọ́n rí i pé bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ti bá jà rí. Inú ilé ara wọn ni a sì bá àwọn wọ̀nyí.

Àgbà Yorùbá kì í tètè fẹjọ́ sùn. Bí aṣàyẹ̀wò bá bèèrè pé, “Màmá, ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa?” èsì rẹ̀ ni “A dúpẹ́.” Ó mọ̀ pé àlejò yóò lọ, òun yóò sì ku òun àti ẹni tó ń bu oúnjẹ. Kó jókòó jẹ́ẹ́, kó bá a ṣeré, kó bèèrè pé, “Ta ló bá yín wẹ̀ lánàá, mà? Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́? Tí ẹ bá fẹ́ tọ̀ lóru, ta lẹ máa ń pè?” Kó wá ní ọjọ́ Àìkú, kó wá ní aago mọ́kànlá alẹ́, kó sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà tí wọ́n gba owó oṣù kẹ́yìn.

Àyẹ̀wò nìkan kò tó, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi ojú rí i. Àjọ Care Quality Commission bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2009. Ní ọdún 2010, ó ní ilé kan tó ń jẹ́ Orchid View, ní West Sussex, dára. Ọdún 2011 ni wọ́n ti ilé náà pa. Nígbà tí adájọ́ tó ń wádìí ikú parí iṣẹ́ ní ọdún 2013, ó ní ìtọ́jú tí 19 nínú àwọn olùgbé rí gbà kò dára tó, àti pé àìbìkítà wà lára ohun tó fa ikú 5 nínú wọn. Òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ní kó ba ìwé oògùn jẹ́ ló pe ọlọ́pàá. Àyẹ̀wò kọjá lára ilé náà. Ẹni tó ń gbé inú ìṣòro náà lójoojúmọ́ ló tú u síta.

Ìbàràpá mọ ẹ̀kọ́ yìí láti ọ̀nà mìíràn. Sòbìà dá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ ní Ìdèrè nígbà kan, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti ń ṣe ètò ìlera ní Igbó-Ọrà láti ọdún 1963, sì ṣiṣẹ́ lé e lórí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye àwọn tó ní in lé ní 650,000. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí abúlé yàn láti inú ara wọn, tó ń ka aláìsàn ilé dé ilé, tó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọn yóò ti gbé ìgbésẹ̀. Ilé ìtọ́jú àgbà lè ní irú ojú bẹ́ẹ̀: ìyálọ́jà, ẹni kan láti ilé ìjọsìn, nọ́ọ̀sì ìlera alábọ́dé, tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti wọlé nígbàkígbà, tí nọ́ńbà fóònù aṣàyẹ̀wò ìpínlẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìṣòro kan wà tí n kò fẹ́ fò dá. Bí òfin bá le jù, ilé tí nọ́ọ̀sì wa yẹn dá sílẹ̀ yóò tì, a ó sì kó àgbà mẹ́fà padà sí ilé tí kò sí ẹnì kankan. Lójú tèmi, ẹni tí kò ní ìwé ìwọ̀n tàbí ìwé oògùn, kí a kọ́ ọ, kí a fún un lóṣù mẹ́ta. Ẹni tó na àgbà, tó dè é mọ́lẹ̀, tàbí tó tì í mọ́lé, kí a má fún un ní ọjọ́ kan.

Títí òfin yóò fi dé, ọmọ tó wà lókè òkun lè ṣe díẹ̀. Bí o bá pe ilé lórí fídíò ní ọjọ́ Àìkú, má ṣe jẹ́ kó parí sí ojú màmá àti ìrọ̀rí funfun tí wọ́n gbé sẹ́yìn rẹ̀. Ní kí wọ́n yí kámẹ́rà sí ife omi ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí wọ́n ká aṣọ, kí wọ́n sì fi gìgísẹ̀ méjèèjì hàn ọ́.