Ẹ Sọ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn Ọmọ Kí Ẹ Tó Bí I

Kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá kí Mùsùlùmí fẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ààrẹ Bọ́lá Tinubu, Mùsùlùmí ni; ìyàwó rẹ̀, Olúrẹ̀mí, pásítọ̀ ni nínú ìjọ Rìdíìmù. A máa ń fi irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ irú tọkọtaya yìí kì í fẹnu kàn títí ọmọ á fi dé: ẹ̀sìn wo ni a óò kọ́ ọ? Wọ́n á ní ìfẹ́ á yanjú rẹ̀. Àṣà ló ń bá wọn yanjú rẹ̀, àṣà sì ti ní ẹ̀sìn bàbá lọmọ ń ṣe. Nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Birmingham àti ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí ọdún 2012, ó hàn pé obìnrin ló sábà máa ń yí ẹ̀sìn padà nítorí ìgbéyàwó. Òmíràn tí kò tiẹ̀ yí tirẹ̀ padà á máa gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ yàrá bí ẹni tó jalè. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí tọkọtaya yan ẹ̀sìn tí ọmọ yóò ṣe pẹ̀lú ẹnu ara wọn kí oyún tó dé, kí òbí kejì sì ní àǹfààní láti ṣe tirẹ̀ lójú ọmọ láìfi bò.

Ọjọ́ kẹjọ tí a ń sọmọ lórúkọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí tọkọtaya kò bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ọmọ tẹ́lẹ̀, àwọn àna ni yóò sọ ọ́: ààfáà á ti jókòó, pásítọ̀ náà á ti dé, ọmọ kan náà á di Yúsúfù lẹ́nu ìyá bàbá, á di Jósẹ́fù lẹ́nu ìyá ìyá. Ìyẹn ṣì kéré. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé á béèrè ẹ̀sìn rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un. Bí àsìkò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bá tó, kíláàsì á pín sí méjì, ọmọ ọdún 6 á dìde dúró láìmọ tíṣà tí yóò tẹ̀ lé. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 38, kò gbà kí ilé ìwé fi tipátipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 náà ní kí òbí máa tọ́ ọmọ sọ́nà lórí ẹ̀sìn, kí wọ́n máa wo bí òye rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Òbí ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ bàbá nìkan.

Àwọn kan á ní Ìsìláàmù ti sọ pé Mùsùlùmí lọmọ Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ìjọ náà sì ń kìlọ̀ nípa àjàgà àìdọ́gba pẹ̀lú aláìgbàgbọ́. Mi ò fojú kéré ìgbàgbọ́ yẹn. Ẹni tó bá dì í mú ṣinṣin, kó sọ ọ́ kí ìdána tó dé. Kí àwọn méjèèjì tú ká nígbà yẹn sàn ju kí ìyá àgbà máa yọ́ gbé ọmọ lọ ṣèrìbọmi. Àwọn mìíràn ní ọmọ yóò dàrú. Mo rí ọmọ Yorùbá tó ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì láìdàrú. Ohun tó ń da ọmọ rú ni kó máa gbọ́ pé kèfèrí ni ìyá òun, tàbí pé ọ̀run àpáàdì ni bàbá òun ń lọ. Ti àwọn tó ní kó dàgbà kó fúnra rẹ̀ yàn, kí ni yóò yàn nínú ohun tí kò rí rí?

Nítorí náà, kí ọkọ bá àwọn òbí tirẹ̀ sọ ọ́, kí ìyàwó bá àwọn tirẹ̀ sọ ọ́: ẹni tí yóò sọmọ lórúkọ, ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ nílé ìwé, ohun tí yóò ṣe nígbà ààwẹ̀ àti lọ́jọ́ Àìkú. Bí ọmọ bá sì pé ọdún 16 tó ní ẹ̀sìn kejì lòun ń lọ, kí àdéhùn ti wà lórí ohun tí àwọn méjèèjì yóò ṣe.