Àgbà Tó Ṣubú, Kó Wo Ẹ̀yìn Wò

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni í wò. Nínú eré 162 tí ẹgbẹ́ besibọ́ọ̀lù White Sox ti Chicago ṣe ní 2024, wọ́n pàdánù 121. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n kówó ra ògbóǹtarìgì. Èmi kò gbà: ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ọ̀dà kò lè gbà á. Nígbà tí wọ́n fi Garrett Crochet gba ọ̀dọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ Boston ní oṣù Kejìlá ọdún náà, inú bí wọn. Ọgbọ́n ni mo pè é. Ní 2025, wọ́n pàdánù 102. Ìyà ṣì ni, ṣùgbọ́n ó sàn.

Ìdí kan náà ni mo fi ń to ìfigagbága bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà báyìí: Michigan àti Ohio State ṣe ìkejì, Army àti Navy, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1890, ló ṣíwájú. Bí eré wọn bá parí, orin ilé-ìwé ẹni tó pàdánù ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń kọ. Ẹgbẹ́ tó bá lè dúró gbọ́ orin yẹn láìsá ni yóò mọ ibi tí yóò ti tún ara rẹ̀ ṣe.