Ẹ Bi Sáfà Léèrè Kí Ẹ Tó Pàṣẹ Fún Un



Ní Kabba níbí, bí àlejò bá wọ agboolé, wọ́n á kí i, wọ́n á sì bi í pé ọmọ ta ni, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Ṣùgbọ́n bí àwa ọmọ kọ̀ǹpútà bá dé inú dátábéèsì, a máa ń fi root wọlé, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ láìbéèrè ohunkóhun.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú iṣẹ́: ibo ni mo wà? Ta ni wọ́n mọ̀ mí sí níbí? Kí ni wọ́n yọ̀ǹda fún mi? Nínú MySQL, ìlà mẹ́ta ti tó:

SELECT @@hostname, @@port;
SELECT USER(), CURRENT_USER();
SHOW GRANTS;

Ìlà kìíní á sọ orúkọ ẹ̀rọ tí sáfà wà lórí rẹ̀. Ìlà kejì ló gba àròjinlẹ̀. USER() ni orúkọ tí ẹ pe ara yín lẹ́nu ọ̀nà àti ibi tí ẹ ti wá. CURRENT_USER() ni àkáǹtì tí sáfà fi gbà yín wọlé. Méjèèjì lè yàtọ̀, torí MySQL kì í wo orúkọ nìkan, ó ń wo ibi tí èèyàn ti wá pẹ̀lú. 'bola'@'localhost' lè ní ìyọ̀ǹda tí 'bola'@'%' kò ní. Ìlà kẹta á to ìyọ̀ǹda yín sílẹ̀. Ẹni tó ń lo PostgreSQL lè béèrè inet_server_addr() àti current_user.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan fẹ́ pa fódà dátà rẹ́ lórí sáfà kejì. Kò mọ̀ pé orí sáfà àkọ́kọ́, tí àwọn oníbàárà ń lò, lòun wà. Kó tó dá a dúró, nǹkan bí 300GB ti lọ. Dátà wákàtí mẹ́fà ló ṣòfò. Kì í ṣe inú SQL ló ti pàṣẹ yẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kìíní wa ni ì bá gbà á. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Lóòótọ́, bí root bá wà lọ́wọ́, a kì í rí "Access denied", iṣẹ́ láàbù á sì yá. Ṣùgbọ́n bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi root kan náà wọlé láti orí ẹ̀rọ kan náà, tí máàkì ẹnì kan wá yí padà, root nìkan ni àkọsílẹ̀ sáfà máa dárúkọ. Olóòótọ́ àti oníjìbìtì á jọ di afurasí. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ti sọ pé ẹni tó ń tọ́jú dátà èèyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Obaro, Obadofin àti Obajemu, oyè kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ ní Kabba. Kí ẹ̀ka wa fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè, kí root wà lọ́wọ́ alábòójútó nìkan. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí níta, ẹ bá wa dá sí i. Kò ná wa lówó kankan.