Ẹ̀gún Kọ́ La Fi Ń Mọ Àtà

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ̀yin ará Ìnísà àti Òkukù, ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lẹ́nu wa tó yẹ ká sọ nù. A máa ń ní igi tí ẹ̀gún bá hù sí ìtì rẹ̀, àtà ni. Ọmọdé gbà bẹ́ẹ̀, àgbà gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wa gbòǹgbò rẹ̀ tà fún orín sì ń fi ẹ̀gún ṣe ẹ̀rí fún oníbàárà. Irọ́ ni. Irọ́ náà ń pa igi, ó sì lè pa ènìyàn lára.

Ẹ wo ilẹ̀ tiwa ná. Ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ la tẹ̀dó sí, igi igbó àti igi ọ̀dàn jọ ń hù níbẹ̀ ni. Àtà fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ tó ní yanrìn, kì í sì í sábà ga púpọ̀. Ṣé òun nìkan ló ní ẹ̀gún níbẹ̀? Pónpólá ní ẹ̀gún. Ológunṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀gún. Àràbà tí kò tíì dàgbà ní ẹ̀gún láti ìdí dókè. Bó bá wá di igi ńlá, tó ga ju mítà 50 lọ, ìtì rẹ̀ sábà máa ń dán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ń rí àràbà láti kékeré fi lè dúró ti ọmọ àràbà kó máa pè é ní àtà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àṣìṣe yìí máa ń pọ̀ jù. Pónpólá á wọ́wé, ológunṣẹ̀ṣẹ̀ á wọ́wé, àwọn méjèèjì á wá tan òdòdó pupa sórí ẹ̀ka gbígbẹ. Bí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù, kí ló kù tí ojú yóò rí? Ẹ̀gún náà ni. Ìgbà yẹn gan-an làwọn èèyàn ń gbé ọkọ́ lọ sóko lọ wa orín.

Àwọn kan yóò ní, “Ẹ̀gún ni àwọn bàbá wa fi mọ̀ ọ́n.” Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wa ju kí n gba èyí gbọ́ lọ. Ẹ̀gún ló ń pe ojú wọn sí igi náà, ẹnu ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹni tó bá ti run orín àtà rí mọ bó ṣe ń ta lẹ́nu, tí itọ́ á máa dà, tí ahọ́n á sì wá kú. Àwa ló gba ìdajì ìmọ̀ wọn, tí a gbàgbé ìdajì kejì.

Ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ewé pónpólá àti ti àràbà máa ń tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀pá kan, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ti ya. Ti ológunṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni. Ti àtà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ewé níhìn-ín lọ́hùn-ún, ọ̀pá náà pàápàá sì ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ bí èékánná ológbò. Ẹ já ewé kan, ẹ nà án sí oòrùn. Ẹ ó rí àmì tótòtó tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òróró ló wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra á, ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn ewé ọsàn ni yóò ta sí yín nímú, torí ìdílé kan náà ni àtà àti ọsàn. Rutaceae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé ọ̀hún, wọ́n sì ń pe àtà ní Zanthoxylum zanthoxyloides. Èso rẹ̀ kéré; bó bá gbó, á là, kóró dúdú dídán kan á yọjú. Kò sí pónpólá tàbí ológunṣẹ̀ṣẹ̀ tó ní gbogbo èyí.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo tó báyìí? Nítorí àwọn aláìsàn ni. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, wọ́n ń yẹ orín wò nítorí kòkòrò àrùn, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí omi gbòǹgbò àtà kàn kò pàwọ̀ dà. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs-Sodeye kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò yìí lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i o; kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni pa ilé ìwòsàn tì. Síbẹ̀, àwọn òbí tí ara ń ro ọmọ wọn ń wá gbòǹgbò yìí kiri. Ẹni tó bá wa gbòǹgbò igi mìíràn fún wọn, tó ní òun rí ẹ̀gún, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló dá. Ológunṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò lọ́nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú kóró rẹ̀. Kì í ṣe igi tí à ń ṣì mú.

Igi náà sì ń jìyà. Bí a bá hú olórí gbòǹgbò, igi ti kú nìyẹn, yálà àtà ni tàbí kì í ṣe òun. Ọmọ àràbà tí a wú nítorí ẹ̀gún kò wúlò fún ẹnu ẹnikẹ́ni, kò sì ní di àràbà mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ta orín àti ẹ̀yin lẹ́kulẹ́ja, ẹ sọ fún ẹni tó ń wa á fún yín pé kó mú ẹ̀ka tó ní ewé wá pẹ̀lú gbòǹgbò. Ẹ̀yin tó ń rà á, ẹ béèrè ewé náà, kí ẹ ra á, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tó ń wa á, gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ ni kí ẹ gé, kí ẹ sì fi yèèpẹ̀ bo ibẹ̀ padà. Bí kò bá sí ewé lórí igi, ẹ má ṣe fi ọkọ́ kàn án títí òjò yóò fi rọ̀ tí yóò sì rúwé.