Ilé Àtijọ́ tí Ó Fẹ́ Wó ní Ìsàlẹ̀ Èkó



Nígbàkígbà tí ògiri ilé àtijọ́ kan bá lanu ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ènìyàn a pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan a wí pé: "Ẹ wó o, kí ẹ kọ́ ilé fúláàtì sí ipò rẹ̀, kí owó lè wọlé." Apá kejì a dáhùn pé: "Ẹ má fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ni." Èrò tèmi ni pé apá kọ̀ọ̀kan di òtítọ́ díẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó di gbogbo rẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí á mú Ilojo Bar ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1855, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, ni ìdílé Fernandez kọ́ ilé náà sí ìtòsí Ìta Tinúbú, láti máa ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Ní 1933, Alfred Ọláìyá, ará Ìjẹ̀ṣà-Isu ní Èkìtì, tí í ṣe baba Victor Ọláìyá olórin, rà á. Ní 1956 ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù September 2016, ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, a wó o lulẹ̀. Àwọn kan wí pé ilé náà ti di ewu; àwọn mìíràn kédàárò pé a ba ogún gbogbo wa jẹ́. Ọgọ́ta ọdún ni ilé náà fi jẹ́ ohun ìrántí. Mo bi yín: kí ni orúkọ ńlá yìí ṣe fún òrùlé rẹ̀?

Kí á mọ irú ohun tí ó lọ. Àwọn Àgùdà, ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, padà wálé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Bahia ti 1835 àti ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀. Ẹni tí a tà bí ẹrù padà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé tí ojú fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. João Baptista da Costa wà lára àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún. Òun ni ó kọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894, tí ó sì dúró títí di òní nítorí pé a ń tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni ó ń pa ilé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ewu ṣeré. Ní ọjọ́ 13 oṣù March 2019, ilé kan wó ní Ìta Fàájì, ilé ẹ̀kọ́ sì wà ní òkè rẹ̀. Nǹkan bí ogún ènìyàn ni ó kú, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìròyìn sọ pé àwọn aláṣẹ ti fi àmì sí ilé náà ṣáájú pé kí á wó o. Àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Kò sí ògiri àtijọ́ kan, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, tí ó tó ẹ̀mí ọmọ kan.

Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Níbo ni ògiri ilé ẹbí ti ń lanu? Láàárín àwọn ọmọ ẹbí ni. Nígbà tí baba bá kú, ogójì ènìyàn ni yóò jogún ilé, ṣùgbọ́n a kì í rí ẹnì kan tí yóò ra páànù. Òjò a wọlé, ikán a jẹ igi àjà, ògiri amọ̀ a yọ́. Nígbà náà ni agbaṣẹ́ṣe yóò dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́, tí ẹbí yóò sì tọwọ́ bọ ìwé.

Èkó ti rí àyọrísí irú rẹ̀ rí. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú ṣe ti wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín gbùngbùn erékùṣù. A kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ń tajà pàdánù oníbàárà wọn, ẹbí fọ́n ká, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè padà mọ́. Fúláàtì tí ọmọ onílé kò lè san owó rẹ̀, ilé àlejò ni.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Èkínní, kí ẹnjiníà tí kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe yẹ ilé wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù, kí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ sì kúrò bí ewu bá wà. Èkejì, bí ògiri iwájú bá ṣeé gbà là, kí á dá a sí, kí á sì kọ́ fúláàtì sí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí òpó tirẹ̀, kí ẹrù má baà wọ ògiri àtijọ́ lọ́rùn. Ẹ̀kẹta, kí á kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹbí ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀ títí láé. Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba tí ó bá fi orúkọ ohun ìrántí lé ilé ẹni lórí bá onílé gbé lára ẹrù náà.

Ẹnìkan lè wí pé owó rẹ̀ yóò pọ̀ jù. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ilé ni a lè gbà là. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti Broad Street ń bẹ níbẹ̀: a sọ ọ́ di Freedom Park ní 2010, ibi ìgbafẹ́ àti eré. Bí a bá lè rí ìlò fún ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ni kò ní jẹ́ kí á rí i fún ilé baba wa?

Ní tiwa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ti gba iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á mú àwọn ọmọ wa jáde lọ ya àwòrán àwọn ilé wọ̀nyí, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn òbí wọn léèrè ẹni tí yóò ra páànù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá wó gbogbo ilé tán, kí ni a ó máa wò?