Ẹran Omi Tí Kò Fẹ́ Ooru

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí lè pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti jí ní òwúrọ̀ tí ó bá ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ní òkú nínú omi, tí ó sì sunkún títí tí kò fi lè jẹun, kò ní rẹ́rìn-ín. Axolotl ni mo ń wí, ẹran omi kékeré tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń sìn nínú àpótí gíláàsì. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti fi í sínú eré Minecraft ni àwọn ọmọdé púpọ̀ ti mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ ìyá wọn lẹ́nu pé àwọn fẹ́.

Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù bí alángbá, ṣùgbọ́n ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ohun tí ó fi ń mí yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Awọ ara rẹ̀ rọ̀, kò ní ìpẹ́, ó sì tún ń fi awọ náà mí.

Adágún omi Xochimilco ní Mẹ́síkò ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ Mẹ́síkò yóò rò pé ẹran ilẹ̀ olóoru ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adágún náà wà lórí òkè tí ó fi ju mítà 2,200 ga ju òkun lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Jos rí mọ bí òkè ti ń mú ìlú tutù, Jos kò sì ga tó ibẹ̀.

Omi tí ó bá a lára mu ni èyí tí ó wà láàárín dígírì 16 àti 18. Bí ó bá ti kọjá 20, ẹ fura. Bí ó bá ti dé 24, ewu ti wọlé. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn mọ́ra bí omi tútù. Ní dígírì 10, lítà omi kan lè gba bíi mílígíráàmù 11. Ní dígírì 30, kò ju 7 àbọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, ìgbà ooru gan-an ni ara ẹran náà ń béèrè púpọ̀ sí i.

Ẹ má sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í gbóná. Ní 19 July 2022, ooru dé dígírì 40.3 ní Coningsby. Ilé wọn, tí wọ́n kọ́ kí òtútù má baà wọlé, ni kò jẹ́ kí ooru jáde.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ ra tẹmómítà, ẹ gbé àpótí náà kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ sì pa iná orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí àmù ìyá wa àgbà. Omi inú rẹ̀ ń tutù nítorí pé ara ìkòkò ń làágùn, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òógùn náà lọ pẹ̀lú ooru. Fáànù kékeré tí ó ń fẹ́ sójú omi ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi àwọ̀n bò ó, omi yóò fi dígírì 2 títí dé 4 rọlẹ̀. Yóò máa fà, nítorí náà ẹ máa bu kún un. Ẹ má bu omi ẹ̀rọ sí i tààrà, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi a máa jó o lára. Ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn ń ta èyí tí ń sọ ọ́ di aláìlágbára.

Bí fáànù kò bá tó, ẹ fi igo ike tí omi inú rẹ̀ ti dì léfòó nínú àpótí. Kí igo méjì máa pààrọ̀ ara wọn. Ẹ má da yìnyín sínú omi láé! Omi tí ó ṣàdédé tutù lè ṣe é ní jàǹbá bí ooru ti ń ṣe é. Ẹ̀rọ tí ń mú omi tutù wà, òun ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Bí ó bá ká ṣóńṣó ìrù rẹ̀ kò, tí ó kọ ekòló, tí ohun funfun bí òwú sì yọ lára ìyẹ́ orí rẹ̀, ẹ tètè lọ bá dókítà ẹranko. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ọ̀pọ̀lọ́ orí igi, fáànù kò yẹ yín, yóò gbẹ ẹ́ lára. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi bo ẹ̀yìn àpótí.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá sílé fún ìsinmi oṣù August, ẹ fi igo dídì sílẹ̀ fún aládùúgbò, kí ẹ sì fi bí a ti ń ka tẹmómítà hàn án.

Ẹ̀yin ti Èkó àti Ìbàdàn tí ọmọ yín ń bẹ̀bẹ̀, ẹ sọ fún un pé rárá. Omi inú garawa lásán níhìn-ín gbóná ju dígírì 20 lọ, iná sì lè lọ nígbàkigbà. Ẹ ra ẹja wẹ́wẹ́ ilẹ̀ olóoru fún un.