Ẹsẹ̀ Mi Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yín ni. Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí yín ni, àti ti project tí ẹ̀gbọ́n yín fi odindi ọdún kan kọ.

Màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ìyànà Ìbà, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà LASU. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ bí ó ṣe rí: ariwo àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń pe Mile 2 àti Badagry, èéfín jẹnẹrétọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré wá ya páásípọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ fẹ́ parí. Ní ọjọ́ Sátidé a máa ń lọ òde: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí. Gbogbo fọ́tò tí a ti yà láti ọdún mẹ́fà wà nínú hádì díìsìkì kan ṣoṣo tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Orí tábìlì ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ní oṣù Kejì, iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Mo dìde kí n lọ tan jẹ́ẹ̀nì, ẹsẹ̀ mi kọ́ wáyà díìsìkì náà, ó sì já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé e, iná búlúù ara rẹ̀ ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ bí aago, kọ̀ǹpútà kò sì rí i mọ́. Màmá gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ọkùnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní orí tó ń ka àwo inú rẹ̀ ti ha àwo náà, pé kò sí ohun tí òun lè rí kó jáde níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin kan wọlé. Bàbá rẹ̀ ti kú. Àwa la ya fọ́tò nígbà tí bàbá náà ṣe àádọ́rin ọdún. Fúláàṣì tí a kó fọ́tò náà sí fún un nígbà náà ni fáírọ́ọ̀sì ti bà jẹ́, ó sì ń wá èyí tí wọn yóò gbé sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú. Ó ní, "Màmá Fọ́tò, ẹ bá mi wá a. Mo mọ̀ pé ó máa wà lọ́dọ̀ yín." Obìnrin náà kò dàgbà tó màmá mi, síbẹ̀ màmá mi kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ forí jì wá, mà." Kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó ń wo ilẹ̀. Ariwo ì bá dára jù.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ nílé pé ẹsẹ̀ mi ló fà á. Mo gbà pé ẹsẹ̀ mi ló kọ́ wáyà. Mi ò gbà pé ẹsẹ̀ mi ló jẹ̀bi. Ètò tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè pa ojú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ètò yẹn ló jẹ̀bi. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni àtúnṣe tí àwọn àgbà dábàá.

Dádì ní kí a ra díìsìkì mìíràn, kí a gbé e sí ibi tó ga. Wọ́n ní ojú kan làdá ń ní, pé bí nǹkan bá ti wà lójú kan, a kò ní í wá a tì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Dádì, ọ̀rọ̀ àdá kọ́ nìyí. Àwo inú irú díìsìkì yẹn máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ni, ó ń gbó, ó sì lè kú níbi tó wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ lù ú. Olè pẹ̀lú ní àkàbà. Bí a bá ra díìsìkì mẹ́wàá ní ọdún mẹ́wàá, tí ó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni fọ́tò kan wà nínú rẹ̀, a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Bọ̀dá mi tó wà ní yunifásítì ní tòun ní kí a kó gbogbo rẹ̀ sí Google Drive. Àyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni kò ju 15GB lọ, nígbà tí ìgbéyàwó kan ṣoṣo, bí a bá gbé kámẹ́rà méjì lọ, máa ń kó nǹkan bíi 40GB wálé. Ká tilẹ̀ ní a sanwó àyè tó pọ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì wa bá ń gbé megabíìtì 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìdúró, 40GB yóò gba wákàtí méjìdínlógún. Ta ló ní iná fún wákàtí méjìdínlógún ní Ìyànà Ìbà? Ta ló fẹ́ ra dátà yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lóṣù? Ẹ sì rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà ńlá abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etí òkun Côte d'Ivoire, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn báńkì pàápàá ń bẹ oníbàárà. Mi ò bá Google jà o. Ìwé ẹ̀rí WAEC, ìwé ilẹ̀, fọ́tò mélòó kan tó ṣe pàtàkì jù, ẹ fi síbẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí mo ń jà fún ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní NAS. Kì í ṣe idán. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni tí kò ní ojú tàbí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó gbé hádì díìsìkì sínú, ó sì fi wáyà so mọ́ ráútà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lè rí i lẹ́ẹ̀kan náà, a sì lè sọ fún un pé kí ó máa dá ẹ̀dà gbogbo fáìlì mú ní alẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí. Kò jẹ dátà rárá, nítorí kò jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. 40GB tí mo ní yóò gba wákàtí méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan, orí wáyà tó dára kò ní í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Ó sì lè wà lókè àpótí aṣọ tàbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ẹsẹ̀ mi kò dé.

Ibi tí ìjà mi kejì ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ìjà pẹ̀lú àwọn tó ń tà á. Nígbà tí èmi àti màmá lọ béèrè iye rẹ̀, ẹni tó dá wa lóhùn kọ́kọ́ mú èyí tó gba díìsìkì mẹ́rin wá. Ó ní, "Mummy, èyí ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Díìsìkì kan lè kú, kò sí ohun tó máa ṣe yín láéláé." Màmá mi ti ń wo àpò. Èmi ṣírò lórí ìwé: òde mẹ́fà lóṣù, 40GB lọ́kọ̀ọ̀kan, kò pé 3TB lọ́dún, bẹ́ẹ̀ a máa ń pa èyí tó ṣókùnkùn àti èyí tí ojú ti dì rẹ́. Èyí tó gba díìsìkì méjì, 4TB nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó wa fún ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá kún, a ó fi èyí tó tóbi rọ́pò wọn.

Ọ̀rọ̀ "láéláé" yẹn sì burú ju owó lọ. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà lè kọ nǹkan kan náà sórí díìsìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. RAID 1 ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ó dára, kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣèèṣì pa fáìlì kan rẹ́, orí méjèèjì ló ti parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí olè bá gbé àpótí, méjèèjì ló gbé. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jóná, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, méjèèjì ló jóná. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà kan tó ní ẹsẹ̀ méjì ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún màmá pé kí a má béèrè pé mélòó ni TB rẹ̀ nìkan. Kí a béèrè bóyá ó lè rántí bí fáìlì ṣe rí ní àná àti ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí a lè padà lọ mú u bí ẹnìkan bá bà á jẹ́. Kí a béèrè bóyá ó lè bá UPS sọ̀rọ̀. Èyí ló kan àwa ará Ìyànà Ìbà jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń tà á kò dárúkọ rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan, fáìlì lè dàrú. UPS tó ní wáyà USB yóò ta ẹ̀rọ lólobó pé iná ti lọ, pé bátìrì ti ń tán, ẹ̀rọ yóò sì pa ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Níbi tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, NAS tí kò ní UPS, owó sísun ni.

Kí a tún béèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń tún sọ́fítíwíà rẹ̀ ṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn tó ní ẹ̀rọ My Book Live ti Western Digital káàkiri ayé bá ẹ̀rọ wọn ní òfìfo. Àwọn ọ̀daràn ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ́n nu gbogbo rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ láti 2015 ni ilé iṣẹ́ náà ti ṣíwọ́ àtúnṣe lórí ẹ̀rọ yẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn mìíràn wọ inú ẹ̀rọ QNAP, wọ́n ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, wọ́n ní kí wọ́n wá sanwó bitcoin. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ẹ lè máa wo fọ́tò yín láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ ní títì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò: ọmọ yìí kò mọ iye owó. Mo mọ̀ ọ́n. Owó àpótí náà àti díìsìkì méjì ju owó kámẹ́rà wa kejì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà mọ́, lè ṣe iṣẹ́ NAS bí ẹ bá fi sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ bíi OpenMediaVault sí i. Bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì dára, UPS ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Kò yá bíi ti ìgbàlódé, ó sì gba sùúrù láti tò ó, àmọ́ ó sàn ju díìsìkì kan lórí tábìlì lọ fíìfíì. Mo sọ èyí fún àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà ní àyíká wa, tí project àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lójú kọ̀ǹpútà wọn bí ẹ̀wà lórí àtẹ. Ẹ ti gba owó ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ènìyàn tó sì tọ́jú nǹkan rẹ̀ kò lè sọ lọ́la pé, "Ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ti kú."

NAS náà kò sì tó bí ó bá dá wà. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ ìlànà kan di mímọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn. Ayàwòrán ni o, bíi màmá mi. Ní 1998, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pixar ń ṣe fíìmù Toy Story 2, ẹnìkan ṣèèṣì pa iṣẹ́ náà rẹ́, wọ́n sì rí i pé ẹ̀dà ìpamọ́ tí wọ́n gbójú lé kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó kó wọn yọ ni kọ̀ǹpútà tó wà nílé Galyn Susman, òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Pẹ̀lú gbogbo owó wọn, ilé ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n sá lọ.

Màmá ti gbà pé kí a ra èyí tó gba díìsìkì méjì. Dádì kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́. Owó UPS àti ti díìsìkì kejì la ṣì ń tù jọ. Ní báyìí, díìsìkì kékeré méjì la ń lò, ohun kan náà ló wà nínú wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú mo máa ń fi táwẹ́lì wé ọ̀kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí ilé ìyá àgbà mi ní Okokomaiko, mo sì gba èyí tí mo gbé síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá padà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo máa ń ṣí fọ́tò mẹ́ta wò lórí láptọ́ọ̀pù láti rí i dájú pé ó ń ṣí. Ìyá àgbà máa ń fẹ́ mọ̀ ta ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ wọ́n, mà, oníbàárà ni.